Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, wọ́n ní kí n wá díje fún káńsẹ́lọ̀: ẹ bá mi dá sí i

ÌyáTíṣà_Rẹ́mọ kọ:

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi yẹ̀ wò, pàápàá ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ tí ẹ mọ bí nǹkan ṣe ń lọ nílé. Àwọn àgbà àdúgbò wa, àwọn obìnrin ọjà, àti àwọn òbí tí mo bá kọ́ ọmọ wọn, kó ara wọn jọ wá sílé mi. Wọ́n ní kí n jáde fún káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wa nígbà tí ìbò ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn bá dé. Mi ò tíì dá wọn lóhùn. Kí ìmọ̀ràn yín tó lè bá mi mu, ẹ ní láti mọ irú ẹni tí mo jẹ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ṣàgámù ni wọ́n bí mi sí ní 1957. Oníṣòwò gbànja ni bàbá mi. Ẹni tó bá mọ Ṣàgámù mọ̀ pé owó obì ló kọ́ ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀. Bí wọ́n bá kó o dé láti oko, àwa ọmọdé la máa ń rẹ ẹ́ sómi, ká bó èèpo funfun ara rẹ̀, ká fọ̀ ọ́, ká ṣa èyí tí kòkòrò ti jẹ sọ́tọ̀, kí wọ́n tó tò ó sínú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n tẹ́ ewé sí, kó máa lọ sí Kánò. Mùsùlùmí ni bàbá mi, àwọn oníbàárà rẹ̀ láti òkè Ọya sì máa ń bá a kírun nílé wa. Ọmọ Mẹ́tọ́díìsì láti Ìkẹ́nnẹ́ ni ìyá mi. Kò yí ẹ̀sìn padà nígbà tó fẹ́ bàbá mi, bàbá mi ò sì fi dandan lé e. Bàbá mi ló máa ń ra aṣọ Ìkórè fún un. Òun náà ló máa ń jí dáná sààrì fún bàbá mi lóṣù Ààwẹ̀.

Mo wọ ilé-ìwé ní 1963. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 17 Oṣù Kìn-ín-ní 1955 ló gbé mi wọlé. Kì í ṣe pé bàbá mi ò lówó. Ọmọbìnrin ni mí, wọ́n sì ń wá ọwọ́ tí yóò máa ṣa obì. Ọ̀fẹ́ tí ẹ̀kọ́ náà jẹ́ ni ìyá mi rí gbá mú. Ó ní, "Ẹnì kankan ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ jẹ́ kó lọ." Bí mo ṣe lọ nìyẹn. Bí kì í bá ṣe òfin tí àwọn kan jókòó ṣe ní Ìbàdàn, ìdí apẹ̀rẹ̀ obì ni mi ò bá dàgbà sí.

Mo ṣe ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, mo gba Gíréèdì Tuu, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1977. Ọdún tó ṣáájú ni UPE, ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, bẹ̀rẹ̀, ọmọ sì kún kíláàsì débi pé abẹ́ igi ni mo ti kọ́ àwọn àkọ́kọ́ mi ní a-bí-dí. Tíṣà bíi tèmi ni ọkọ mi, ọmọ Mẹ́tọ́díìsì. Mo gba ìrìbọmi ká tó ṣègbéyàwó. Bàbá mi bi mí léèrè lẹ́ẹ̀kan péré bóyá ó ti ọkàn mi wá. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, ó ṣe àdúà fún mi, kò sì tún mẹ́nu bà á mọ́ títí ó fi kú. Títí dòní, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Àlájì, ni mo máa ń kọ́kọ́ pè bí ìdààmú bá dé.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ wọ̀ mí lára ṣẹlẹ̀ láàárín 1991 sí 1993. Ìjọba ológun gbé ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́ pátápátá ní 1991. Owó oṣù wa bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ó ń dúró, ó ń wá ní àbọ̀. Àwọn tíṣà ń ta gààrí lẹ́yìn ilé-ìwé. Ọkọ mi gbin ẹ̀gẹ́ sí ilẹ̀ tí a fẹ́ kọ́lé sí. Nígbà tó di 1993 ni wọ́n tó dá àjọ tó ń bójú tó owó náà padà. Láti ìgbà yẹn ni mo ti mọ̀ pé yàrá tí àwọn káńsẹ́lọ̀ ti ń jókòó, bí kò tilẹ̀ tóbi, a máa pinnu oúnjẹ ẹlòmíì.

Lónìí, àjà ilé-ìwé tí mo ti fẹ̀yìn tì ti jìn lápá kan. Gọ́tà ọjà tó wà níwájú rẹ̀ ti dí. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló ń dá hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà ṣe. Mo mọ orúkọ ọ̀pọ̀ ọmọ wọ́ọ̀dù yìí, mo mọ orúkọ òbí wọn, mo mọ ẹni tó jáwọ́ ìwé àti ohun tó fà á. Èrò tèmi ni pé ẹni tó bá ní irú ìmọ̀ yẹn ló yẹ kó jókòó síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n mi ò sí nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kankan rí. Kíláàsì lídà ni mí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkọ mi, tó jẹ́ ọmọ UPN, ẹgbẹ́ òṣèlú Awólọ́wọ̀, láti 1978, ti dolóògbé. Àwọn ọmọ mi ní Kánádà ní àwọn ò fẹ́. Àlájì ní kí n lọ. Ẹ̀yin ńkọ́?

Káńsẹ́lọ̀_Àná kọ:

Ẹ kú ìrònú, Mà. Mo ti jókòó sórí irú àga tí wọ́n fẹ́ gbé yín sí yìí, ní ìjọba ìbílẹ̀ kan ní ìhà Ìjẹ̀bú, mi ò sì ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ.

Káńsẹ́lọ̀ kì í ṣe alága. Kì í fún ènìyàn ní iṣẹ́ àgbàṣe, kì í fọwọ́ sí ìwé owó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe òfin ìbílẹ̀, kó yẹ ètò ìṣúná wò, kó sì bi alága léèrè ohun tó fi owó ṣe. Inú Àfikún Kẹrin ìwé òfin 1999 ni wọ́n kọ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sí: ọjà, gáréèjì, ibi ìpẹran, itẹ́ òkú, kíkó ìdọ̀tí, fífún òpópónà lórúkọ, àkọsílẹ̀ ìbí àti ikú àti ìgbéyàwó. Ní ti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ìlera, ohun tí ìwé òfin sọ ni pé kó kópa nínú rẹ̀ pẹ̀lú ìjọba ìpínlẹ̀. SUBEB, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ló ń darí ilé-ìwé. Nítorí náà, tó bá jẹ́ àjà ilé-ìwé yẹn nìkan lẹ torí ẹ̀ ń lọ, ẹ ó máa ti ilẹ̀kùn kan dé òmíràn. Gọ́tà ọjà yẹn, tiwọn ni pátápátá, ẹ lè di ọrùn aṣọ wọn mú lórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ló wá wúwo jù. Abala 162 ìwé òfin yẹn ló dá àpò àjọni sílẹ̀, tí owó gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ kan ń gbà kọjá. Nígbà tèmi, orí bébà nìkan la ti ń rí i pé owó wọlé. Ètò ìṣúná dé iwájú wa lọ́jọ́ kan lówùúrọ̀, wọ́n ní ká fọwọ́ sí i kí oòrùn tó wọ̀. Èmi àti ẹnì kan la ní ká kọ́kọ́ kà á. Wọ́n kà wá sí ọlọ̀tẹ̀ láti ọjọ́ náà, ìpàdé wọ́ọ̀dù mi kò sì rí ìrànlọ́wọ́ gbà mọ́. Ní 11 Oṣù Keje 2024, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn, àti pé ìjọba ìbílẹ̀ tí kò bá ní aṣojú tí aráàlú dìbò yàn kò gbọdọ̀ gba owó náà. Ìdájọ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ nílò ẹni tí yóò jókòó níbẹ̀, tí yóò máa béèrè pé mélòó ló wọlé, kí lẹ fi ṣe. Tíṣà tó ti máa ń ka iye ọmọ kíláàsì láràárọ̀ yóò mọ irú ìbéèrè yẹn í bi.

Ẹ ò lè díje láìsí ẹgbẹ́, Mà. Òfin wa ò gba olùdíje tí kò ní ẹgbẹ́. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ gan-an wà, màá ṣàlàyé rẹ̀ bí ẹ bá fẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́_ÀgọÌwòyè kọ:

Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Mo bọ̀wọ̀ fún yín, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Àwa ọ̀dọ́ la pọ̀ jù nínú àwọn tó ń dìbò ní wọ́ọ̀dù tiwa, àwa la máa ń gbé àga, àwa la máa ń lẹ pósítà, àwa la máa ń dúró lójú oòrùn. Bí ipò bá wá ṣí sílẹ̀, àgbà ni wọ́n máa ń lọ ké sí. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2018 dín ọjọ́ orí kù fún ilé aṣòfin àti ipò ààrẹ kí ọ̀dọ́ lè ráàyè. Ipò káńsẹ́lọ̀ ló yẹ kí ọ̀dọ́ ti kọ́ iṣẹ́. Ṣé ẹ ò lè mú ọ̀kan lára àwọn tí ẹ kọ́, kí ẹ dúró tì í?

Ohun kejì: ní ọjọ́ ìbò tó kọjá, ní 16 Oṣù Kọkànlá 2024, ọ̀pọ̀ èèyàn àdúgbò mi ò jáde rárá. Wọ́n ní ẹgbẹ́ tó bá wà lórí àléfà ló máa wọlé bó ti wù kó rí. Ó dùn mí gan-an, torí ìbò àkọ́kọ́ mi nìyẹn.

ÌyáTíṣà_Rẹ́mọ kọ:

Ọmọ mi, mi ò bínú rárá. O ṣeun tó o jáde dìbò nígbà tí àwọn àgbà jókòó sílé. Ọ̀rọ̀ rẹ wọlé. Mo bi àwọn tó wá bá mi pé kí ló dé tí wọn ò pe ọ̀dọ́. Wọ́n ní àwọn pe méjì: ọ̀kan ti gba ìwé ìrìnnà, èkejì ní òun ò lówó fọ́ọ̀mù. Bí ẹnì kan bá yọjú láti inú àwọn tí mo kọ́ tó múra sí i, èmi ni màá kọ́kọ́ gbé àpótí fún un.

Káńsẹ́lọ̀_Àná, Olúwa á san yín lẹ́san. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ yẹn.

Díákónì_Ìlíṣàn kọ:

Màmá, mo kí yín lórúkọ Jésù. Mo fẹ́ sọ ti ọkàn mi. Kíláàsì lídà ni yín. Àwọn ọmọ ìjọ ń wo ẹsẹ̀ yín kí wọ́n tó gbé tiwọn. Mo ti rí arákùnrin kan tó wọ òṣèlú láti inú ìjọ wa: olóòótọ́ ni, ó ń kọ́ni ní Ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. Láàárín ọdún díẹ̀, ilé àwọn bàbá ìsàlẹ̀ ló ń sùn sí lálẹ́ ọjọ́ ìjọsìn. Wọ́n ní kó wá búra, ó lọ búra. Mi ò sọ ohun tí wọ́n fi búra, ẹ̀yin náà lè fọkàn rò ó. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ipò rẹ̀ nínú ìjọ sílẹ̀ torí ojú ń tì í.

Kò sẹ́ni tó lè sin ọ̀gá méjì. Ẹ lè ṣe rere fún wọ́ọ̀dù yín láìsí nínú ẹgbẹ́ kankan. Ẹ kó àwọn òbí jọ, ẹ tún àjà náà ṣe, kí ẹ sì máa gbàdúrà fún àwọn tó wà nípò. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má lọ.

Àáfà_Ìjẹ̀búÒde kọ:

Àsàlámù àlékúmù, ẹ̀yin ará. Díákónì, mo gbọ́ yín, ẹ̀rù tó ń bà yín kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ bí èmi ṣe rí i.

Lẹ́yìn ogun Ìmàgbọ̀n tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá Ìjẹ̀bú jà ní 1892 ni ẹ̀sìn Kristi àti Ìsìláàmù gbilẹ̀ ní Ìjẹ̀bú. Balógun Kúkú, tó jẹ́ ìjòyè àti ọlọ́rọ̀, gba Ìsìláàmù, ọ̀pọ̀ èèyàn sì tẹ̀ lé e. Àwọn Mùsùlùmí ló bẹ̀rẹ̀ Ojúde Ọba, tí wọ́n ń lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀ tó fún wọn láàyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni a ń ṣe é títí dòní, Kristẹni àti oníṣẹ̀ṣe sì ń bá wa wọ aṣọ ẹgbẹ́ kan náà nínú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé láàfin, níwájú ìjọba, ni wọ́n ti fún ẹ̀sìn wa láàyè. Bí ẹlẹ́sìn bá wá ní òun ò bá ìjọba da nǹkan pọ̀, ta ló máa sọ tẹnu wa?

Ẹ wo Awùjalẹ̀, Ọba Síkírù Adétọ̀nà, tó wàjà ní 13 Oṣù Keje 2025, lẹ́yìn ọdún márùndínláàádọ́rin lórí ìtẹ́. Wọ́n sin wọ́n ní ìlànà Ìsìláàmù. Àwọn fúnra wọn ló ti jà fún òfin tí ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe ní 2021, tó fún ọba láàyè kí wọ́n sin ín bí ẹ̀sìn rẹ̀ ṣe wí. Awuyewuye ṣẹlẹ̀ lórí rẹ̀, gbogbo wa la mọ̀. Bí wọ́n bá ní kí a máa gbàdúrà nìkan, òfin yẹn ò ní sí.

Ní ti ìbúra, Màmá, ẹ sọ fún wọn lójú gbogbo ayé pé Bíbélì nìkan lẹ máa gbé sókè, gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe gbà, lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń búra fún yín wọlé. Ẹni tí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, kó lọ wá ẹlòmíì. Bàbá yín tó tẹ́wọ́ ṣe àdúà fún ọmọ tó gba ìrìbọmi, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà lára yín.

ỌmọÌpẹru_Tòróńtò kọ:

Ẹ káàárọ̀, Mà. Kì í ṣe èmi ni ọmọ yín, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ọmọ yín ń sọ ni èmi náà ń sọ fún ìyá mi. Òru ni fóònù máa ń dún níbí. Ẹni tó bá wà lókèèrè mọ ohun tí mo ń wí: a kì í mọ̀ bóyá ìkíni ni tàbí òkú. Nígbà tí ìbò bá sún mọ́, mi ò lè sùn. Bàbá mi máa ń sọ ìtàn wẹ́tíẹ̀, bí wọ́n ṣe ń da bẹntiróòlù sára ilé àti èèyàn. Ẹ ti ṣe tiyín fún ìlú. Ẹ sinmi, kí ẹ wá wo ọmọ-ọmọ yín.

BàbáÌṣarà kọ:

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jẹ́ kí ẹni tí ojú rẹ̀ tó o sọ díẹ̀. Ọmọkùnrin ni mí nígbà wẹ́tíẹ̀, lẹ́yìn ìbò Ìwọ̀ Oòrùn ti Oṣù Kẹwàá 1965. Òótọ́ ni bàbá rẹ sọ, ìwọ tó wà ní Tòróńtò. Mo gbóòórùn rẹ̀. Títí di Oṣù Kìn-ín-ní 1966 tí àwọn ológun gbàjọba, ìyá wa kì í jẹ́ ká jáde lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́.

Ṣùgbọ́n mo tún mọ ohun mìíràn. Ọdẹ̀mọ wa, Ọba Samuel Akínsànyà, tó gorí ìtẹ́ ní 1941, ti wà nínú Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ Nàìjíríà kí wọ́n tó jọba. Wọ́n dúró ti Awólọ́wọ̀ nígbà tí wọ́n fi í sẹ́wọ̀n. Ìjọba tó wà ní Ìbàdàn nígbà náà gé owó oṣù wọn sí kọ́bọ̀ kan lọ́dún. Kọ́bọ̀ kan! Ọba náà ò yẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, àwọn àgbà ìlú máa ń dárúkọ kọ́bọ̀ yẹn bí ẹni ń ki oríkì. Ìlú ò gbàgbé ẹni tó jìyà nítorí rẹ̀.

Mi ò sọ pé kí ìyá yìí lọ fara gbọta. Ìbò wọ́ọ̀dù ní Rẹ́mọ lónìí kì í ṣe wẹ́tíẹ̀. Ohun tó yẹ kó bẹ̀rù ni pé kí wọ́n gbà á wọlé, kí wọ́n sì fi í ṣe àmì ẹ̀yẹ lásán, kó jókòó, kó máa fọwọ́ sí ohun tí wọn ò jẹ́ kó kà. Káńsẹ́lọ̀ tó kọ̀wé lókè yìí ti sọ ọ́.

Díákónì, ẹ má bínú, ṣé Mẹ́tọ́díìsì kọ́ ló kọ́ ọ̀pọ̀ wa ní Rẹ́mọ ní ìwé? Ìwé yẹn, wọ́n ń bá ìjọba ìgbà náà dòwò pọ̀ lórí rẹ̀ ni. Tai Solarin tó dá ilé-ìwé Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956 kì í ṣe ẹlẹ́sìn rárá, tíṣà ni, kò sì sí ìjọba tí kò kọ̀wé sí. Tíṣà tó ń sọ̀rọ̀ níwájú ìjọba kì í ṣe tuntun nílẹ̀ wa.

Díákónì_Ìlíṣàn kọ:

Bàbá, mo dúpẹ́ fún ẹ̀kọ́. Ìdúró mi ò yí padà. Kíkọ̀wé síjọba àti wíwọ inú ẹgbẹ́ òṣèlú, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Solarin tí ẹ dárúkọ, ṣebí ìwé ló ń kọ. Bí Màmá bá pinnu pé wọ́n ń lọ, màá gbààwẹ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n mi ò ní pe ohun tí mò ń bẹ̀rù ní ohun tó dára.

Ìyálọ́jà_Odògbolú kọ:

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wé, ẹ kú ọ̀rọ̀. Ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí. Wọ́n ń gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ wa lọ́jà lójoojúmọ́. A ò rí ilé ìyàgbẹ́, a ò rí omi. Tí òjò bá rọ̀, orí tábìlì la máa ń gun. A bi ẹni tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì pé ta ló ń kó owó náà fún, ó ní òun náà ò mọ̀.

Màmá Tíṣà, tẹ́ ẹ bá dé ibẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ bá wa bi wọ́n: owó tíkẹ́ẹ̀tì, èló ló ń dé ọ́fíìsì? Ẹ jẹ́ kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ọjà lóṣooṣù. Èmi ò mọ nǹkan tí ẹ̀yin ń pè ní Àfikún Kẹrin, ṣùgbọ́n mo mọ owó tí mo san.

Káńsẹ́lọ̀_Àná kọ:

Ìyálọ́jà, ọ̀rọ̀ yín ló ṣe pàtàkì jù lójú òpó yìí. Òfin ìbílẹ̀ ni wọ́n fi ń gba tíkẹ́ẹ̀tì, káńsẹ́lọ̀ sì lè dábàá pé kí wọ́n máa kéde iye tó wọlé. Kò ná ìjọba ní nǹkan kan ju bébà lọ. Èyí ni irú àbá tí wọn ò lè sọ pé ìjọba ìpínlẹ̀ ló dí àwọn lọ́wọ́.

Màmá, ẹ gbọ́ ti ẹgbẹ́. Wọ́ọ̀dù ni wọ́n ti ń forúkọ ọmọ ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ẹ má lọ sílé aṣáájú kankan láti gba káàdì, ẹ lọ sí ìpàdé wọ́ọ̀dù fúnra yín, kí gbogbo èèyàn rí i pé ẹ kọ orúkọ yín. Ẹ máa lọ déédéé. Bí ìbò abẹ́lé bá sún mọ́, wọ́n lè ní àwọn ti fìmọ̀ ṣọ̀kan lórí ẹnì kan. Bí ẹ bá ti ń lọ ìpàdé tipẹ́, tí àwọn obìnrin ọjà náà sì ti gba káàdì, yóò ṣòro fún wọn láti fìmọ̀ ṣọ̀kan lẹ́yìn yín. Ọ̀pọ̀ ẹni rere ló máa ń dé nígbà tí fọ́ọ̀mù ti jáde, tí wọ́n á wá máa ṣe àlejò nínú ilé tó yẹ kó jẹ́ tiwọn.

Àwọn èèyàn á máa béèrè owó: ìsìnkú, ìsọmọlórúkọ, owó ilé-ìwé. Owó káńsẹ́lọ̀ ò tó o. Ẹ tètè sọ ohun tí ẹ lè ṣe àti èyí tí ẹ ò lè ṣe, kí ẹ má baà jẹ gbèsè tí bàbá ìsàlẹ̀ yóò wá bá yín san. Gbèsè yẹn ló mú arákùnrin tí Díákónì ń sọ lọ sílé ìbúra, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fọwọ́ sọ̀yà.

Akẹ́kọ̀ọ́_ÀgọÌwòyè kọ:

Ẹ̀gbọ́n Káńsẹ́lọ̀, mi ò mọ̀ pé wọ́ọ̀dù ni wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀. Mo rò pé ẹni tó bá mọ ẹnìkan ló ń rí i gbà. Ṣé akẹ́kọ̀ọ́ lè lọ?

Káńsẹ́lọ̀_Àná kọ:

Ọmọ Nàìjíríà tó bá ti pé ọdún méjìdínlógún lè lọ, àbúrò. Lọ sí wọ́ọ̀dù ìlú yín, má lọ sí ti ibi tó o ti ń kàwé, àyàfi tó bá jẹ́ ibẹ̀ lo ti fẹ́ máa dìbò.

ÌyáTíṣà_Rẹ́mọ kọ:

Ẹ̀yin ará, ẹ ṣeun, ẹ kú àdúrótì. Mo ti ka gbogbo rẹ̀, mo tún pe Àlájì ká jọ kà á. Mo pe àwọn ọmọ mi náà lórí WhatsApp, mo ka ọ̀rọ̀ ỌmọÌpẹru sí wọn létí, ọmọbìnrin mi àgbà sì bú sẹ́kún. Mo gbọ́ ẹkún yẹn. Mo ṣèlérí fún wọn pé mi ò ní máa jáde lálẹ́ fún ìpàdé kankan, ilé mi ni ìpàdé alẹ́ yóò ti máa wáyé, kí ilẹ̀ tó ṣú pátápátá. Àkọ́bí mi ọkùnrin ṣì ń bínú. Màá fún un láyè.

Díákónì, mo lọ bá alùfáà wa. Wọ́n ní kí n fi ipò kíláàsì lídà sílẹ̀ fún ẹlòmíì ní ọjọ́ tí mo bá gba fọ́ọ̀mù ìdíje, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo ń fi ìjọ polówó ara mi. Mo gbà. Ó dùn mí, torí iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù lẹ́yìn kíláàsì ni, ṣùgbọ́n ó tọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa gba ààwẹ̀ yẹn fún mi.

Bí mo ṣe fẹ́ ṣe é nìyí. Mi ò ní sọ lónìí pé mò ń díje. Màá lọ kọ orúkọ mi sílẹ̀ ní ìpàdé wọ́ọ̀dù, èmi àti àwọn obìnrin ọjà wa, lójú gbogbo èèyàn. Màá mú ìbéèrè Ìyálọ́jà lọ síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́ lásán: owó tíkẹ́ẹ̀tì ọjà wa, èló ló ń dé ọ́fíìsì? Mo fẹ́ rí bí wọ́n ṣe máa dáhùn nígbà tí mi ò tíì tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ wọn. Bí ọ̀dọ́ kan bá dìde nínú wọ́ọ̀dù tó lè gbé ìbéèrè yẹn ju èmi lọ, òun la máa fà kalẹ̀. Bí kò bá sí, màá gba fọ́ọ̀mù. Mi ò ní pín ìrẹsì, mi ò sì ní gba owó bàbá ìsàlẹ̀. Àlájì àti àwọn tí mo kọ́ ní ìwé ti ní àwọn yóò dáwó jọ, màá sì máa kọ orúkọ ẹni tó dá àti iye tó dá sínú ìwé tí ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ wò.

Káńsẹ́lọ̀_Àná, mo nílò ẹ̀dà òfin ìbílẹ̀ tí wọ́n fi ń gba tíkẹ́ẹ̀tì ọjà. Ọ́fíìsì wo ni mo ti lè béèrè rẹ̀?

Káńsẹ́lọ̀_Àná kọ:

Ọ́fíìsì akọ̀wé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìjọba ìbílẹ̀ yín, Mà. Ẹ kọ lẹ́tà, kí ẹ mú ẹ̀dà kejì dání, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i pé àwọn ti gbà á. Bí wọ́n bá ní kò sí, ẹ sọ fún mi níbí, mo ṣì ní ti ìjọba ìbílẹ̀ tiwa lọ́wọ́, ẹ ó fi mọ bó ṣe yẹ kó rí.

Ìyálọ́jà_Odògbolú kọ:

Ẹ bá mi gba ẹ̀dà kan sọ́wọ́ náà. Ọmọ mi á kà á fún mi.